Ẹ̀sìn Wo Ni Àmàlà Ń Ṣe?

Bí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí Kérésìmesì bá ń bọ̀, ìbéèrè kan a máa jáde ní Ṣakí àti káàkiri Òkè-Ògùn: ṣé ó yẹ kí ẹlẹ́sìn kan jẹ oúnjẹ tí ẹlẹ́sìn mìíràn fi ṣọdún? Onígbàgbọ́ kan á ní òun kò jẹ ẹran Iléyá torí pé wọ́n ti pe orúkọ lé e lórí. Mùsùlùmí kan á ní ìrẹsì Kérésì kò gbọdọ̀ kan òun lẹ́nu. Àwọn méjèèjì á wá fìmọ̀ ṣọ̀kan pé ohun tó bá ti ojúbọ wá, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn rí i. Ìlú yìí kan náà ni mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àti ojúbọ Ògún ti jọ ń gbé láti ìgbà pípẹ́, tí ọmọ ìyá kan náà sì lè pín sí mẹ́ta nínú ẹ̀sìn láìtú agbo ilé ká. Ohun tí à ń jà lé lórí ju ẹran lọ. Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ló ń sọ oúnjẹ di ti ẹ̀sìn kan. Ṣé inú oúnjẹ gan-an ni ẹ̀sìn ń gbé bí iyọ̀ ṣe ń gbé inú ọbẹ̀, tí ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò ti kó ẹ̀sìn jẹ? Àbí ohun tí ènìyàn fi oúnjẹ ṣe ni ẹ̀sìn? Èkejì ni mo fara mọ́. Fífúnni ló ń ṣẹ̀sìn, oúnjẹ kì í ṣẹ̀sìn: ẹni tó gbé e kalẹ̀, ẹni tó gbé e fún, àti ọ̀rọ̀ tó fi gbé e fún un, àwọn ló ń sọ ohun tí oúnjẹ náà jẹ́. Nínú ẹ̀rí tí mo fẹ́ tò sílẹ̀, díẹ̀ wá láti Ṣakí, púpọ̀ wá láti Kúbà, erékùṣù tí àwọn ọmọ Yorùbá ti se oúnjẹ baba wọn láìní ohun tí wọ́n fi ń sè é nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àmàlà, torí òun ni ayé fi mọ Ọ̀yọ́, Òkè-Ògùn sì ni ọ̀pọ̀ èlùbọ́ ti ń wá. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á dé e mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kó o lọ sá sórí àpáta. Àpáta kò wọ́n ní Ṣakí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, iṣu tó funfun nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà, á súnkì, á le, títí tí yóò fi máa ró bí wọ́n bá dà á sínú àpò. Odó ni wọ́n fi ń gún un tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́ báyìí. Ẹni tó mọ àmàlà í rò kì í kánjú: omi á kọ́kọ́ hó yàà, èlùbọ́ á wọ inú rẹ̀, omorogùn á yí i títí kókó á fi tán, wọ́n á ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, wọ́n á dé e kó jinná, wọ́n á tún rò ó kó tó dénú abọ́. Bí a bá bi onísẹ̀ṣe, yóò sọ pé oúnjẹ Ṣàngó nìyí, pé àmàlà, gbẹ̀gìrì, ẹran àgbò àti orógbó ni wọ́n fi ń bọ ọ́, kò sì parọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àmàlà àti gbẹ̀gìrì yìí náà ni Alhaji àti Díákónì ń jẹ, kò sì sí èyí tó rò pé òun bá Ṣàngó jẹun nínú wọn. Tó bá jẹ́ pé inú oúnjẹ ni ẹ̀sìn ń gbé, gbogbo Òkè-Ògùn ì bá ti di adóṣù Ṣàngó láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ẹnì kan lè dáhùn pé ìlò ojoojúmọ́ ló fọ ẹ̀sìn kúrò lára àmàlà nílé, pé kí a lọ wo ibi tí wọ́n ti ṣì ń gbé e fún Ṣàngó dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá di ẹrú tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké ní Kúbà. Lukumí ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, ọdún 1886 sì ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú múlẹ̀ ní erékùṣù náà. Ẹni tí kò ni ọjọ́ ara rẹ̀ kò lè sá iṣu títí yóò fi gbẹ, ọyẹ́ Òkè-Ògùn kò sì fẹ́ dé Kúbà. Àgbàdo ló wà nítòsí. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n rò, wọ́n fi ọbẹ̀ ilá tì í, wọ́n ń pè é ní àmàlà títí dòní, wọ́n sì ń gbé e síwájú Ṣàngó. Bí ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí bá rí i, ó ṣeé ṣe kó ní túwó ni wọ́n ń dárúkọ lé lórí, kò sì ní jẹ̀bi, torí kò sí iṣu níbẹ̀, kò sí àpáta, kò sí àwọ̀ dúdú, kò sí gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n Lukumí tó gbé e kalẹ̀ kò ṣiyèméjì pé Ṣàngó gbà á. Nígbà tí a ti yọ gbogbo ohun tó wà nínú oúnjẹ náà kúrò, kí ló wá ṣẹ́ kù tó sọ ọ́ di ti Ṣàngó? Ó ku ẹni tó rò ó, ẹni tó rò ó fún, àti ọ̀rọ̀ tó fi gbé e kalẹ̀.

Ti obì tún yani lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé, obì àbàtà olójú mẹ́rin ni a fi ń bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀. Obì ṣòroó rí ní Kúbà, nítorí náà ègé àgbọn mẹ́rin ni wọ́n ń dà: ojú kan funfun, ojú kejì dúdú. Òrí náà ńkọ́? Igi rẹ̀ ń hù káàkiri pápá tó yí Ṣakí ká, àwọn obìnrin ni í máa ń ṣa èso rẹ̀, tí wọ́n ń sun ún, tí wọ́n ń pò ó títí ọ̀rá á fi léfòó, òun sì ni a ń fi bọ Ọbàtálá. Igi òrí kò bá wọn dé erékùṣù náà. Ọ̀rá kòkó, tó funfun tó sì máa ń le bí ó bá tutù, ló gba ipò rẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé wọn kò kàn mú ohunkóhun tí ọwọ́ bà. Àgbọn ṣeé gé sí mẹ́rin, ó ní ojú méjì tí ènìyàn lè kà. Ọ̀rá kòkó funfun, ó sì tutù, èyí tí Ọbàtálá ń fẹ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo ṣeé rò. Mo gbà, nígbà náà, pé ohun tí a ó fi fúnni gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ iṣẹ́ kan lè ju ẹyọ kan lọ, òun nìkan kò sì lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Àgbọn tó wà lọ́jà kì í ṣe obì ẹnikẹ́ni títí ẹnì kan yóò fi gé e sí mẹ́rin, tí yóò sì bá a sọ̀rọ̀.

Kí a má sì rò pé àwọn tó wà lókè òkun nìkan ló pààrọ̀. Àwa tí a jókòó sílé náà pààrọ̀, a kàn ti gbàgbé ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Ọkà bàbà ló ti wà ní pápá Òkè-Ògùn kí àgbàdo tó dé. Lónìí ẹ̀kọ àgbàdo wà lára ohun ètùtù, kò sì sí àgbà tí yóò sọ pé àlejò ni. Ọtí gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹmu ni a mọ̀ mọ́ Ògún. Ní Kúbà, ọtí líle tí wọ́n fi ìrèké pọn ni Ògún ń gbà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí à ń fi àgbàdo pọn nílé, dé ọ̀hún ó wọ inú ohun ìsìn, wọ́n sì fi ọsàn kíkan kún un. Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Jíìnì àwọn ará Họ́láǹdì, tó wá nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò, ni ọ̀pọ̀ àgbààgbà ń fi tàlẹ̀ fún baba ńlá wọn lónìí, wọ́n á sì ní bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn. Bí Mùsùlùmí bá ń sọmọ lórúkọ, tàbí tí ìjọ tí kò fẹ́ ọtí bá ń ṣe ìdána, ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì síbi tí ọtí ì bá wà, àdúrà tí wọ́n á sì fi gbé e sókè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ipò ọtí dúró, ọtí ń lọ, ọtí ń bọ̀.

Àtakò tó máa kọ́kọ́ dìde ti inú ìwé mímọ́ wá. Àlùkùránì, nínú Súrà Bákárà, áyà 173, ka òkúǹbete, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀, ó sì fi ohun tí a bá pe orúkọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Allāhu lé lórí kún un. Ẹnì kan á ní, ṣé ẹ wá rí i, ohun náà gan-an ni Ọlọ́run kọ̀. Mo gbà pé àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí a dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀kẹrin dáadáa: ìpè ni, ìṣe ni. Àgbò kan náà, lọ́wọ́ Mùsùlùmí tó fi orúkọ Allāhu pa á, hàláàlì ni. Lọ́wọ́ ẹni tó fi orúkọ mìíràn pa á, ó ti di èèwọ̀. Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹran ara àgbò. Áyà kan náà tún dá ẹni tí ebi há mọ́gun sí, pé kò ní ẹ̀ṣẹ̀ bí ó bá jẹ nínú rẹ̀ láìṣe pé ó fẹ́ rú òfin. Bó bá ṣe pé májèlé ẹ̀sìn wà nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, ebi kò ní pa májèlé náà rẹ́. Ìgbọràn ni áyà náà ń díwọ̀n. Ọtí ńkọ́? Ohun tí ń pani ni Islam kọ̀, nítorí ohun tí ó ń ṣe sí orí ènìyàn. Àwọn onímọ̀ òfin Islam sì fẹnu kò pé ọtí tó bá kan fúnra rẹ̀ títí ó fi di fínígà ti di mímọ́. Pọ́ọ̀lù náà, nínú ìwé tó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹjọ àti ìkẹwàá ti Kìíní, fi ibi kan náà ṣe ìdúró: kí onígbàgbọ́ ra ẹran lọ́jà kó má bèèrè ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ohun ìrúbọ ni, kó fi í sílẹ̀ nítorí ọkàn ẹni tó sọ ọ́. Ẹran kan náà ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lé e lórí láàárín èèyàn méjì ló dá yíyẹ àti àìyẹ sílẹ̀.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn onísẹ̀ṣe wá, lójú tèmi òun ló sì le jù. Wọ́n á ní ohun gbogbo ló ní àṣẹ tirẹ̀: Èṣù kò fẹ́ àdín, epo pupa ni tirẹ̀, Ọbàtálá kò fẹ́ iyọ̀, àtẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì fẹ́ fojú kan ẹmu. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ti ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ kó tó lọ sí Kúbà ní ọdún 1948, kọ ọ́ ní 1950 pé òkúta, ẹ̀jẹ̀ àti ewé ni ẹ̀sìn òrìṣà dúró lé ní erékùṣù náà. Ohun tí ọwọ́ lè dì mú ni gbogbo wọn. Èmi kò sì sọ pé ohun tí ọwọ́ ń dì mú kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n òkúta ọ̀hún, òkúta odò ni títí wọ́n á fi bi í léèrè bóyá òrìṣà ni, tí wọ́n á fi ewé wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á fi bọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún òkúta bẹ́ẹ̀ ló wà nínú odò tí kò sẹ́ni tó ń kí wọn. Èèwọ̀ náà, bí a bá wò ó fínnífínní, kò sọ pé ohun kan burú nínú ara rẹ̀. Àdín tí Èṣù kò fẹ́ ni ìyá ń fi pa ọmọ tí gìrì ń gbé lára. Ẹmu tí Ọbàtálá kọ̀ ni Ògún ń béèrè. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ sọ ìdí rẹ̀: wọ́n rán Ọbàtálá níṣẹ́ àtidá ilẹ̀ ayé, ó mu ẹmu lọ́nà, ó sùn lọ, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ẹmu ni èèwọ̀ náà ń rántí. Ẹni tí kò bá Ọbàtálá dá májẹ̀mú kò jẹ gbèsè èèwọ̀ yẹn, agbè ẹmu fúnra rẹ̀ kò sì dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo rò pé ó yẹ ká fara balẹ̀ fún, torí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi gún mi lójú. Bí oúnjẹ kò bá lẹ́sìn, ṣé ẹnikẹ́ni lè mú oúnjẹ ẹlẹ́sìn kan kó nu orúkọ onílé kúrò lára rẹ̀? Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ti ń ta àkàrà tí wọ́n fi epo pupa dín láti ìgbà oko ẹrú. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà níbẹ̀, ní ọdún 2005 sì ni ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Àwọn onígbàgbọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, wọ́n yọ aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, wọ́n pè é ní àkàrà Jésù. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn olùtajà náà gbà pẹ̀lú mi láìmọ̀: wọn kò yí ẹ̀wà padà, wọn kò yí epo padà, orúkọ ni wọ́n yí, ó sì tó lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó bínú sí wọn náà ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ ọ̀hún kò wá láti inú ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀. Ó wá láti ara àwọn obìnrin tó fi àkàrà ra ara wọn kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, tí wọn kò jẹ́ kí orúkọ Ọya parẹ́ lórí àtẹ. Oúnjẹ lè má lẹ́sìn kó ní ìtàn, ẹni tó bá sì ń jẹ èrè ìtàn gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín. Ní Òkè-Ògùn, àkàrà yìí kan náà ni à ń fi ṣínu nínú oṣù Ramadan, òun náà ni à ń pín bí àgbà tó dàgbà darúgbó bá kú. Àwọn Àgùdà tó padà láti Bùràsíìlì sí erékùṣù Èkó tún mú ẹ̀wà, wọ́n fi omi àgbọn sè é, wọ́n pè é ní fúrèjọ̀n, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì Rere nítorí ikú Jésù. Ẹ̀wà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nínú gbogbo wọn.

Ó ku ibi kan tí mo gbọ́dọ̀ fa ìlà sí, kí ẹnikẹ́ni má ba à rò pé mo ní kí gbogbo ènìyàn máa jẹ ohun gbogbo níbi gbogbo. Ìgbà kan wà tí jíjẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìsìn. Búrẹ́dì tí wọ́n rà ní ilé búrẹ́dì ní Ṣakí lè wà lórí tábìlì tíì láàárọ̀, kó sì di oúnjẹ Olúwa nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ níbẹ̀ ti sọ nǹkan nípa ara rẹ̀ níwájú ìjọ. Ẹni tó jókòó síwájú ojúbọ, tó jẹ nínú ohun tí wọ́n fi bọ ọ́, ti bá òrìṣà jẹun, ó sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́ tó bá kọ irú jíjẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹran Iléyá tó dé inú ilé aládùúgbò kì í ṣe irú èyí. Pípa àgbò ni ìsìn, ó sì ti parí ní agbo ilé onílé. Pínpín rẹ̀ fún ẹbí, aládùúgbò àti aláìní jẹ́ fífúnni mìíràn, tí ó ní ẹni tó gbé e wá, ẹni tí wọ́n gbé e fún, àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀; ọ̀rọ̀ náà kò sì ju “Ẹ kú ọdún” lọ. Ẹni tó bá gba ẹran náà dáhùn sí “Ẹ kú ọdún” ni, kò dáhùn sí ìrun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti abọ́ ìrẹsì tí ọmọ onígbàgbọ́ gbé kọjá òpópónà lọ́jọ́ Kérésì.

Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà kó jẹ ẹ́, kó má jẹ ẹ́. Ọkàn oníkálukú ni adájọ́ rẹ̀. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni láti sọ fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ pé oúnjẹ náà ní ẹ̀gbin, tàbí kó gbà á lójú ẹni tó gbé e wá, kó lọ dà á nù lẹ́yìn ilé. Ẹ bá wa sọ ọ́ níbi wáàsí, ẹ bá wa sọ ọ́ lórí pẹpẹ ìwàásù, kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé: ẹni tí kò ní jẹ ẹ́, kó dúpẹ́, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́.